Àwọ̀ wo ló yẹ píkọ́ọ̀pù àtijọ́? Ohun tó yẹ kéèyàn rò kó tó pe pẹ́ńtà

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí dá lórí ohun kan tó rí bí ohun kékeré: àwọ̀ tó yẹ ká kun píkọ́ọ̀pù àtijọ́.

Láti Kaduna dé Niamey, láti Cotonou dé Ouagadougou, píkọ́ọ̀pù Peugeot 404 àti 504 kò tíì tán lójú títì. Òmíràn ń gbé iṣu lọ sọ́jà, òmíràn ń gbé àgùntàn. Òmíràn sì wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, tí koríko ti gba gbogbo abẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pinnu láti jí i dìde, owó àkọ́kọ́ máa ń lọ sórí ẹ́ńjìnnì. Owó kejì á lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà. Lẹ́yìn náà ni pẹ́ńtà á wá béèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì dáhùn kíákíá lè ná owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè bọ́ sọ́wọ́ agbófinró. Ó tún lè pa ohun kan rẹ́ tí kò ní í ṣeé rí mọ́ láé.

Kókó ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tó wu ojú nìkan kò tó láti fi yan àwọ̀. Ọkọ̀ náà, iṣẹ́ tó máa ṣe, àti ìlú tó máa gbé ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ tẹnu wọn.

Irú ọkọ̀ wo là ń sọ?

Ọdún 1960 ni iléeṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé 404 jáde. Iléeṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló bá wọn ya ìrísí rẹ̀. Ọkọ̀ náà gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968, lórí ọ̀nà tí ẹrẹ̀ àti òkúta pọ̀ sí. Èyí wà lára ohun tó sọ ọ́ di ọkọ̀ tí àwọn èèyàn fọkàn tán ní Áfíríkà.

Nígbà tó di 1975, Peugeot ṣíwọ́ ṣíṣe 404 èrò ní Faransé, ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ń jáde títí di 1988. 504 ti jáde ní 1968 ní tirẹ̀, wọ́n sì ń ṣe píkọ́ọ̀pù 504 ní Faransé títí di 1993.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kaduna. 504 di ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ oníṣòwò àti takisí ọ̀nà jíjìn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, bâchée ni wọ́n ń pe píkọ́ọ̀pù náà, nítorí tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìtumọ̀ èyí ni pé àbíkẹ́yìn lára àwọn tó ti Faransé wá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ̀ tó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ti wọ aṣọ tó ju ẹyọ kan lọ.

Kọ́kọ́ wá àwọ̀ tó bá a wáyé

Kí ẹnikẹ́ni tó lọ wo káàdì àwọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó kọ́kọ́ lọ wo ara ọkọ̀ náà. Àwọn ibì kan wà tí pẹ́ńtà tó ń kánjú kì í dé: ẹ̀yìn ìjókòó, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, inú férémù ilẹ̀kùn, abẹ́ rọ́bà tó yí gíláàsì ká. Àwọ̀ tí ọkọ̀ náà gbé ti iléeṣẹ́ wá sábà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n mú sáńpépà tó kúnná, kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi, kí wọ́n sì fi ha ojú kan lára ilẹ̀kùn, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, títí irin á fi yọ láàárín rẹ̀. Gbogbo ọ̀dà tí wọ́n ti kùn lé ara wọn á hàn yíká ojú náà bí òrùka inú igi tí wọ́n gé. Èyí tó wà lóde pátápátá ni wọ́n kùn kẹ́yìn. Bí èèyàn ṣe ń sún mọ́ àárín ló ń sún mọ́ ọjọ́ ìbí ọkọ̀ náà.

Àwọn òrùka yìí máa ń sọ ìtàn. Bí funfun bá wà nísàlẹ̀, tí yẹ́lò wà lórí rẹ̀, tí àwọ̀ aró sì wà lórí yẹ́lò, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti fìgbà kan jẹ́ ọkọ̀ akérò kó tó padà di ti aládàáni.

Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwo irin kékeré kan tàbí nọ́ḿbà kan wà tó ń sọ àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣì ṣeé kà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé sáńpépà débẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Òjé wà nínú púpọ̀ lára ọ̀dà àtijọ́, pàápàá àwọn tó jẹ́ yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn àti pupa. Eruku rẹ̀ léwu púpọ̀. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta tó ní wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400.

Eruku ara ọkọ̀ kan ṣoṣo kò lè pọ̀ tó ìyẹn, ṣùgbọ́n májèlé kan náà ni. Nítorí náà, omi ni kí wọ́n máa fi ha á, kí wọ́n má ṣe ha á ní gbígbẹ. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà wọ ìbòmú tó dáa. Kí wọ́n kó ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí wọ́n so ó, kí ọmọdé má sì wà nítòsí. Ẹ̀bá kànga àti ibi tí adìẹ ti ń jẹ kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Nọ́ḿbà ni kí ẹ rà, ẹ má ra orúkọ

Ní èdè Yorùbá, funfun, dúdú àti pupa ni àwọn orúkọ àwọ̀ tó dá dúró. Ohun tó ní àwọn yòókù lára la fi ń pè wọ́n: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ojú sánmà. Pupa fúnra rẹ̀ sì gbòòrò. Epo pupa, osùn pupa, a sì tún ń pe èèyàn ní pupa.

Èyí kò dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìtàkurọ̀sọ. Ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà ni wàhálà wà. Ẹni tó rán ọmọṣẹ́ pé kó ra ọ̀dà pupa lè máa retí àwọ̀ osùn, kí ọmọṣẹ́ sì gbé àwọ̀ tòmátò dé.

Funfun náà kò dọ́gba. Funfun òwú wà, funfun wàrà wà, funfun eyín erin náà sì wà. Bí wọ́n bá fi funfun báláú òde òní kun ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1978, ó lè jọ fìríìjì tó ní táyà.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n máa fi nọ́ḿbà ra ọ̀dà. Ètò nọ́ḿbà àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní RAL bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1927 pẹ̀lú àwọ̀ 40, àwọn tó ń po ọ̀dà sì ń lò ó káàkiri títí di òní. Ẹni tó wà ní Kano àti ẹni tó wà ní Lomé lè béèrè nọ́ḿbà kan náà, kí ohun tí wọ́n gbé délé sì jọra.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ míì bá fi bọ́ńpà ha ilẹ̀kùn rẹ̀ ni èèyàn máa mọ iyì nọ́ḿbà yẹn. Láìsí i, pẹ́ńtà á kàn máa fojú wọ̀n ọ́n, àbùlẹ̀ náà á sì máa hàn lókèèrè.

Oòrùn, ọyẹ́ àti iyọ̀ òkun

Ní 2011, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lawrence Berkeley National Laboratory ní California gbé ọkọ̀ méjì tó jọra sínú oòrùn. Ọ̀kan dúdú, èkejì jẹ́ àwọ̀ fàdákà. Afẹ́fẹ́ inú ti aláwọ̀ fàdákà fi nǹkan bíi digiri Celsius 5 sí 6 tutù ju ti dúdú lọ.

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ni kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Fún ẹni tó ń wakọ̀ láti Maiduguri lọ sí Kano nínú oṣù kẹrin, digiri márùn-ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó sì kan ẹrù pẹ̀lú. Tòmátò, ẹja àti oògùn tó wà nínú ọkọ̀ máa ń mọ ìyàtọ̀ náà lára.

Bí ọkàn ẹnìkan bá sì wà lára àwọ̀ tó ṣú, ọ̀nà àbáyọ àtijọ́ ṣì wà: kí ara ọkọ̀ jẹ́ àwọ̀ tó wù ú, kí òrùlé rẹ̀ jẹ́ funfun. Orí òrùlé ni oòrùn ọ̀sán ń bọ́ sí gan-an, nítorí náà ibẹ̀ ni funfun ti wúlò jù.

Oòrùn yìí kan náà ló ń pa àwọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà pupa, pàápàá àwọn tó pọ́n fòò, máa ń ṣá bí wọ́n bá pẹ́ lójú oòrùn, wọ́n á sì di àwọ̀ aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù. Funfun máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pupa tó jọ ilẹ̀ amọ̀, tí wọ́n fi èròjà ìpẹtà irin ṣe, náà máa ń lágbára, nítorí oòrùn kò rí nǹkan púpọ̀ mú lára rẹ̀.

Ní òkè ọya, ọyẹ́ ló yẹ kéèyàn bá jíròrò. Púpọ̀ lára eruku ọyẹ́ ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, ó sì máa ń bà lé ohun gbogbo láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Ọkọ̀ dúdú tí wọ́n fọ̀ láàárọ̀ lè dà bí ẹni tó yí nínú eérú kó tó di ọ̀sán. Àwọ̀ iyanrìn àti àwọ̀ wàrà kì í jẹ́ kí eruku náà tètè hàn.

Ní etí òkun ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní Èkó, Cotonou, Lomé àti Accra, atẹ́gùn ń gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ sì ń mú kí irin tètè dípẹtà. Kò sí àwọ̀ tó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ máa ń tètè tú u fó. Bí ìpẹtà bá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà funfun, omi pupa rúsúrúsú tó ń ṣàn jáde á hàn sí gbogbo ojú. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ìpẹtà lè jẹ irin rẹ̀ fún ọdún kan gbáko kí olówó rẹ̀ tó mọ̀.

Àwọn àwọ̀ tó ti ní olówó

Lójú títì Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọ̀ máa ń sọ iṣẹ́ ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ní Èkó, yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú jẹ́ ti danfo àti takisí. Ní Abuja, takisí jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà funfun. Ní Dakar, yẹ́lò àti dúdú ni takisí. Ní Abidjan, takisí tó ní mítà jẹ́ pupa tó fẹ́ jọ ọsàn.

Ti Ghana tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọ̀ yòówù kí ara takisí jẹ́, mọ́gáàdì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń kùn ní yẹ́lò tó sún mọ́ ọsàn. Ẹni tó bá ro pé mọ́gáàdì yẹ́lò á dùn ún wò lára píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ní Accra yóò kàn máa rí èrò tó ń nawọ́ sí i ni.

Àwọ̀ lè gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Àwọn bọ́ọ̀sì kékeré Dakar tí wọ́n ń pè ní car rapide, tí wọ́n fi àwọ̀ aró, yẹ́lò àti funfun ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n sì ya ojú àti òdòdó sí lára, di mímọ̀ débi pé ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé Musée de l'Homme ní Paris.

Ní Nàìjíríà, àwọ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀. Bí àwọ̀ bá yí padà, ó yẹ kí olówó ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé náà kí wọ́n lè tún un ṣe. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ ní funfun, tí ara rẹ̀ sì jẹ́ aró, máa ń jọ ọkọ̀ tí wọ́n jí lójú ọlọ́pàá tó dúró lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí owó ìwé yìí wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ ewé ológun àti àbàlà wọn kò yẹ ọkọ̀ aráàlú rárá, bó ti wù kí píkọ́ọ̀pù náà jọ ọkọ̀ ogun tó. Ní agbègbè tí àwọn ajínigbé tàbí agbésùnmọ̀mí ti ń ṣọṣẹ́, ẹni tó bá wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè bá ìbọn pàdé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí àwọn ọmọ olóògbé kò bá fẹnu kò ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìdílé kan tí bàbá wọn fi píkọ́ọ̀pù 504 sílẹ̀. Obì ni bàbá náà ń fi kó láti Ṣágámù lọ sí Kano. Funfun ni ọkọ̀ náà nígbà tó rà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ aró, ó sì ní kí ayàwòrán kan kọ ọ̀rọ̀ sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀: SÙÚRÙ LÉRÈ.

Àkọ́bí fẹ́ kó padà sí funfun bó ṣe ti iléeṣẹ́ jáde. Ó ní owó gidi ni ẹni tó ń wá ọkọ̀ àtijọ́ á san bí gbogbo rẹ̀ bá wà bó ṣe wà. Èkejì ní àwọ̀ aró ni òun bá lára ọkọ̀ náà láti kékeré, pé bí wọ́n bá yọ ọ́, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni yóò kù. Àbígbẹ̀yìn fẹ́ dúdú tó ń dán gbinrin, kí wọ́n lè máa fi gbé ìyàwó, kí owó tó ń wọlé sì máa tún ọkọ̀ ṣe.

Kò sí èyí tó sọ ìsọkúsọ nínú wọn. Àkọ́bí ń sọ̀rọ̀ owó, èkejì ń sọ̀rọ̀ ìrántí, àbígbẹ̀yìn ń sọ̀rọ̀ ohun tí ọkọ̀ á máa jẹ. Ìbéèrè tó máa yanjú rẹ̀ kò tíì jáde lẹ́nu wọn: kí ni ọkọ̀ yìí fẹ́ máa ṣe láti òní lọ?

Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, àkọ́bí ló jàre. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ fún ìṣura fẹ́ràn àwọ̀ tó bá nọ́ḿbà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mu. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní í kúrò nílé, èkejì ló jàre. Àwọ̀ aró ni ọkọ̀ náà wọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tó fi rán gbogbo wọn níléèwé.

Ti dúdú ló nira jù. Yàtọ̀ sí ooru, dúdú tó ń dán kì í bo àṣírí pánẹ́ẹ̀lì bítà. Gbogbo ibi tí irin ti rì tàbí tó ti wú díẹ̀ ló máa ń hàn bí ìgbì lójú omi. Kí dúdú tó lè dára lára irin tó ti pé ogójì ọdún, owó tí wọ́n máa ná sórí nínà irin rẹ̀ lè ju owó ọ̀dà lọ.

Ibi tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lè parí rẹ̀ sí ni kí ara jẹ́ aró, kí òrùlé jẹ́ funfun bíi ti àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi kílía tó dáa parí rẹ̀ kó lè dán fún òde ìyàwó.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kò gbọdọ̀ fara kan sáńpépà. Láti ìgbà tí àwọn ọkọ̀ Bedford tó ní ara pákó, tí Yorùbá ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà, ti ń kó èrò àti ẹrù káàkiri Nàìjíríà àti Ghana, ara ọkọ̀ ni àwọn awakọ̀ ti ń kọ àdúrà, òwe àti ìkìlọ̀ wọn sí. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ wọ́n. Bí wọ́n bá ha SÙÚRÙ LÉRÈ dànù, ayàwòrán míì lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ìwé tí bàbá náà dúró tì nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ti lọ nìyẹn.

Kí wọ́n rọra fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi kílía bò ó. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ kọjá àtúnṣe, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n fi bébà fífẹ́lẹ́ da ìlà ọ̀rọ̀ náà kọ, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àwọ̀ mélòó ló tó?

Fún ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ méjì ti tó. Kí èyí tó mọ́lẹ̀ wà lókè, kí èyí tó ṣú wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ ti ń ta sí i. Kí ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé tẹ̀lé ìlà tí iléeṣẹ́ ti tẹ̀ sára irin náà. Bí wọ́n bá fa ìlà míì sí ibi tó wù wọ́n, ojú á máa rí i pé nǹkan kan wọ́.

Inú ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹrù ń wà kò nílò ẹwà. Ọ̀dà líle aláwọ̀ eérú ló yẹ ibẹ̀, nítorí àpò sìmẹ́ǹtì àti kéèsì ọtí kò mọ iye tí èèyàn ra ọ̀dà. Ríìmù lè jẹ́ àwọ̀ wàrà tàbí eérú.

Àwọn ọ̀dà òde òní tó ń kọ mànà bí fàdákà dára lára ọkọ̀ tuntun. Lára píkọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n ṣòro láti lẹ̀. Bí ibì kan bá ha, wọ́n sábà máa ń kun odindi ilẹ̀kùn kó tó lè bára mu. Ọ̀dà lásán tí kò ní ìmànàmáná gba àbùlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dán an wò lórí páànù

Káàdì àwọ̀ tó tóbi tó èékánná kò lè sọ bí odindi ọkọ̀ á ṣe rí. Kí wọ́n wá páànù kan tó gùn tó apá, kí pẹ́ńtà kùn ún ní ọ̀dà tí wọ́n ń rò. Kí wọ́n gbé e síta fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n wò ó láàárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Kí wọ́n da omi sí i lára, kí wọ́n da eruku sí i.

Iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń tan ojú jẹ. Àwọ̀ ewé tó dùn ún wò lábẹ́ rẹ̀ lè di àwọ̀ ẹ̀bà tó ti bu bó bá dé ìta. Owó páànù àti ìwọ̀nba ọ̀dà yẹn kéré gan-an sí owó kíkun ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bí ìpẹtà ṣe ń wọ ọkọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá kun ọ̀dà lé irin tó ti dípẹtà, tàbí tí wọ́n fi pọ́tì dí ihò tó yẹ kí wọ́n gé kí wọ́n sì jó irin tuntun sí, àwọ̀ yòówù kí wọ́n yàn yóò wú, yóò sì ṣí kúrò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó méjèèjì, kó kọ́kọ́ tún irin ṣe, kó kun pràímà tó dáa, kó dúró de ọdún tó ń bọ̀ kó tó kun àwọ̀.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè mú kí ọ̀dà sẹ́lúlóòsì fún bí ẹni tí wọ́n da wàrà lé lórí. Nígbà ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò tíì dé ni iṣẹ́ náà rọrùn jù fún ẹni tí kò ní yàrá tó ṣeé tì pa.

Ẹ̀mí ẹni tó ń kun ọkọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀dà òde òní tí wọ́n ń po hádínà mọ́ sábà máa ń ní èròjà isocyanate, tó lè fa ikọ́ èémí tí kò lọ mọ́. Ìnura tí wọ́n so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún pẹ́ńtà lè béèrè bóyá òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní ìbòmú gidi, kó sì fi owó rẹ̀ kún owó iṣẹ́. Ọmọṣẹ́ tó ti ń fa ọ̀dà símú láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò ní ẹ̀dọ̀fóró méjì míì nílé.

Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, iṣẹ́ kékeré kan ló kù. Kí wọ́n kọ nọ́ḿbà àwọ̀, irú ọ̀dà àti ọdún tí wọ́n kùn ún sínú bébà kan, kí wọ́n fi ọ̀rá wé e, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀. Kí wọ́n kọ àwọn àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ náà sí i, bí òrùka wọn ṣe tò. Ẹni tó máa gbé sáńpépà lé ilẹ̀kùn yẹn ní ọgbọ̀n ọdún sí i yóò rí òrùka kan sí i, yóò sì mọ ẹni tó fi í síbẹ̀ àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.